Ẹ Yéé Pe Ọmọ Yẹn Ní Apẹja

Láti ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ SS2 kan, ọmọ Ẹgbẹ́ Akọ̀ròyìn

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ohun méjì péré ni mo fẹ́ sọ. Èkíní: orúkọ "Apẹja" tí a ń pe ọmọ JS2 kan láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ jẹ́ kó tán lẹ́nu wa. Èkejì: àpótí onígíláàsì tí wọ́n dojú rẹ̀ dé sínú sítọ́ọ̀ láàbù Bàólójì, ẹ jẹ́ ká gbé e padà sórí tábìlì rẹ̀, ṣùgbọ́n ká kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹja kí ẹja mìíràn tó wọ inú rẹ̀.

Gbogbo wa la gbọ́ ìtàn náà, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní pápá kọ́ ló rí. Ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí àwọn tó wà ní JS1 lè máà mọ̀ pé a tiẹ̀ ní ẹja rí.

Ẹja mẹ́ta ló wà nínú àpótí yẹn. Goldfish ni gbogbo wọn. Àwọn SS3 tó ti jáde ló dáwó rà wọ́n, àwọn náà ló sọ wọ́n lórúkọ: Wúrà, nítorí àwọ̀ rẹ̀, Àbùlà, nítorí pé pupa àti funfun dà pọ̀ lára rẹ̀ bíi gbẹ̀gìrì àti ewédú, àti Jéjé, tí kì í bá àwọn méjì yòókù du oúnjẹ. Wọ́n lo ọdún kan ó lé lọ́dọ̀ wa. Wúrà mọ ìró agolo oúnjẹ débi pé tí ẹnikẹ́ni bá ti fọwọ́ kan agolo náà, á ti gòkè wá síbi tí wọ́n máa ń da oúnjẹ sí. Bí kíláàsì kan bá wọ láàbù, kí olùkọ́ tó dé, ọ̀dọ̀ ẹja ni gbogbo ojú máa ń wà.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, a gbọ́ pé àwọn àlejò ń bọ̀ wá bẹ ilé-ìwé wò ní ọjọ́ Ajé. Ẹ rántí bí gbogbo wa ṣe ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Àwọn kan gé koríko, àwọn kan fọ ilé ìtọ̀, àwọn kan nu fèrèsé. Gíláàsì ẹja ti di aláwọ̀ ewé, ara rẹ̀ ń yọ̀. Wọ́n pe ọmọ JS2 kan nínú àwọn tó ń fọ láàbù, wọ́n ní: "Fọ eléyìí kó mọ́ tónítóní." Ọmọ náà ò jiyàn, kò sì sá. Ó kó ẹja sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń nulẹ̀. Ó da gbogbo omi nù. Ó kó òkúta wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ jáde, ó fi ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun fọ̀ wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Ó fọ gíláàsì. Ó yọ fóòmù inú ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi, ó fún un títí omi rẹ̀ fi mọ́ gaara. Ó ṣí omi ẹ̀rọ, ó bù ú kún un, ó sì dá ẹja padà.

Gíláàsì náà dán. Gbogbo ẹni tó wọlé ló ń yìn ín. Ṣùgbọ́n kí a tó jáde ní ọ̀sán, àwọn tó ti láàbù sọ pé àwọn ẹja náà ti wà lójú omi, tí wọ́n ń yanu bí ẹni tó ń pe èèyàn. Ilé-ìwé àlọbọ̀ ni tiwa, kò sẹ́ni tó ń sùn síbẹ̀. Wọ́n ti gétì. Ọjọ́ Àbámẹ́ta kọjá, ọjọ́ Ìsinmi kọjá. Ní ọjọ́ Ajé, àwọn ẹja mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dojú ikùn sókè. Omi mímọ́ gaara tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ni àwọn àlejò bá lórí tábìlì.

Ní asẹ́ńbìlì ọjọ́ kejì, ẹnìkan pariwo "Apẹja!" látẹ̀yìn, gbogbo ìlà sì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ gbọ́ ná, apẹja kì í ṣe orúkọ burúkú. Ní Ẹ̀pẹ́ àti láàárín àwọn Ìlàjẹ, iṣẹ́ tí baba fi ń rán ọmọ lọ sílé-ìwé ni. Àwa la sọ ọ́ di èébú. Ọmọ náà kì í jáde ní bíréèkì mọ́. Ó ti sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pé òun ò ní ṣe sáyẹ́ǹsì tóun bá dé SS1. Bẹ́ẹ̀ sì ni, òun ló máa ń dúró jù níwájú gíláàsì yẹn tí kíláàsì wọn bá parí. Ẹja mẹ́ta ti lọ. Tí a ò bá ṣọ́ra, onísáyẹ́ǹsì kan máa bá wọn lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá bi ara wa ní ìbéèrè tí kò sẹ́ni tó bi í ní asẹ́ńbìlì: kí ló pa ẹja wọ̀nyẹn gan-an?

Ìdọ̀tí kọ́. Inú omi tí a ń pè ní ìdọ̀tí yẹn ni wọ́n gbé láti ọjọ́ yìí wá, tí wọ́n ń jẹun, tí wọ́n ń sá síwá sá sẹ́yìn. Lẹ́yìn tí omi mọ́ ni wọ́n kú. Ọ̀gá Bàólójì wa ṣàlàyé rẹ̀ fún kíláàsì wa, mo sì lọ kàwé sí i.

Ẹja ń jẹun, nítorí náà ẹ̀gbin gbọ́dọ̀ jáde lára rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀gbin náà ń gba gills jáde, ìyẹn nǹkan pupa tó wà lábẹ́ ìdérí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja, tí ó fi ń mí. Amóníà là ń pe ẹ̀gbin náà. Ẹ mọ̀ ọ́n: òun ló ń ta wá nímú tí a bá wọ ilé ìtọ̀ tí wọn ò da omi sí. Nínú odò, omi pọ̀, ó sì ń ṣàn, á gbé e lọ. Nínú àpótí gíláàsì, kò síbi tó fẹ́ gbà. Tó bá ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, inú ẹ̀gbin ara rẹ̀ ni ẹja máa kú sí.

Kí ló wá dé tí Wúrà àti àwọn méjì yòókù ò fi kú láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé? Wọ́n ní alágbàtọ́ tí ojú wa ò rí. Bakitéríà ni. Oríṣi kan ń gba amóníà, ó ń sọ ọ́ di nitrite. Nitrite náà ṣì ń pa ẹja, ṣùgbọ́n oríṣi kejì á gbà á, á sọ ọ́ di nitrate, tí oró rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ rárá, tí ewé inú omi sì ń fi ṣe oúnjẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn orúkọ gígùn, ẹ kọ Nitrosomonas àti Nitrospira sínú ìwé yín. Ó gba bakitéríà wọ̀nyí ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó nínú àpótí tuntun. Kì í sì í ṣe inú omi gan-an ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé. Ara òkúta ni ilé wọn, àti ara gíláàsì, pàápàá jù lọ inú fóòmù ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi. Nǹkan tó ń yọ̀ bọ̀rọ́ tí ọmọ yẹn fi ọṣẹ bó kúrò lára òkúta níkọ̀ọ̀kan, àwọn òṣìṣẹ́ láàbù wa ló wà nínú rẹ̀.

Èyí nìkan ìbá ti tó. Ṣùgbọ́n omi tí wọ́n bù sí i ńkọ́? Omi ìjọba ni, ó sì dáa fún wa. Wọ́n ń fi klorínì sínú irú omi bẹ́ẹ̀ kó lè pa kòkòrò onígbáméjì àti ti ibà jẹ̀funjẹ̀fun, kí ẹni tó bá mu ún má baà ṣàìsàn. Klorínì ò mọ kòkòrò rere yàtọ̀ sí búburú. Ó ń pa bakitéríà tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹja, ó sì ń jó gills ẹja fúnra rẹ̀. Ọṣẹ tún wà ńbẹ̀. Bó ṣe wù ká ṣan òkúta wẹ́wẹ́ tó, ó ṣòro kí ọṣẹ tán lára rẹ̀ pátápátá, ọṣẹ ìfọṣọ sì ń ba gills jẹ́. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ẹja yẹn ń yanu lójú omi, ọ́síjìn lè wà nínú omi o, ibi tí wọ́n fi ń gbà á wọlé ló ti jóná.

Ẹnìkan á ní: "Ṣé kòkòrò lo wá ń gbèjà báyìí?" Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan nínú wọn. Kòkòrò ló ń sọ irúgbá di irú. Kòkòrò ló ń mú kí ògì kan. Ẹ lọ sọ fún ìyá tó ń ṣe irú pé kó fi omi klorínì ṣan igbá irú rẹ̀ ní ọjọ́ kejì kó lè mọ́ dáadáa, kí ẹ wo ohun tó máa fi lé yín. A ti kọ́ wa láti jẹ́lé-ó-sinmi pé ìmọ́tótó dára, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ohun tó mọ́ fún àwo ìjẹun kọ́ ló mọ́ fún ẹja. Àwo kì í mí. Àwọn àgbà ló ní àṣejù ni baba àṣetẹ́, mi ò tíì rí ibi tí òwe yẹn ti bá ọ̀rọ̀ mu tó báyìí.

Ó yá, ta ló wá jẹ̀bi? Mo fẹ́ ká ronú dáadáa síbí.

Ọmọ ọdún méjìlá tàbí mẹ́tàlá ni akẹ́kọ̀ọ́ JS2. Nítíràjìnì àti iṣẹ́ tí bakitéríà ń ṣe lórí rẹ̀ kò tíì dé kíláàsì wọn. Iwájú níbí la ti ń kọ́ ọ. Wọ́n ní kó fọ nǹkan kó mọ́, ó sì fọ̀ ọ́ kó mọ́. Tó bá jẹ́ pé ọ̀lẹ ni, tó kàn fi àkísà nu iwájú gíláàsì, tó sì sá lọ gbá bọ́ọ̀lù, àwọn ẹja náà ìbá ṣì wà láàyè lónìí. Ẹ rò ó wò. Ọmọ tó ṣiṣẹ́ jù la ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ wo ara ògiri láàbù wa. Ìgò ásíìdì ní àkọlé. Ẹ̀rọ awò-kékeré-di-ńlá ní àkọlé pé kí a má fi ọwọ́ lásán kan dígí rẹ̀. Egungun ike tó wà ní kọ̀rọ̀ yẹn, tí kò lè kú mọ́, ní àkọlé. Ohun ẹlẹ́mìí kan ṣoṣo tó wà nínú yàrá náà ni kò ní ìwé kankan lára tó sọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Àwọn SS3 tó rà wọ́n mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n orí ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, wọ́n sì gbé orí wọn lọ nígbà tí wọ́n jáde. Kì í ṣe àfojúdi ni mo fi ń sọ ọ́, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ má bínú sí mi. Mi ò ní ẹnìkan pàtó lọ́kàn tí mo fẹ́ ká gbé ẹ̀bi lọ bá. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìmọ̀ tí kò sí lórí bébà, tí kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni, kò yẹ ká retí rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ JS2. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Ọmọdé ti ti ọwọ́ tirẹ̀ bọ kèrègbè. Àwa tí ọwọ́ wa tó pẹpẹ, kí la gbé sílẹ̀ fún un níbẹ̀?

Mo ti gbọ́ àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tí wọ́n ń sọ lórí pé ká má tún sin ẹja mọ́. Ẹ jẹ́ kí n mú wọn níkọ̀ọ̀kan.

Wọ́n ní: "Ẹja lásán, ṣebí à ń jẹ ẹ́." Èmi náà ń jẹ ẹ́, mo sì fẹ́ràn orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹja tó wà nínú odò, bí omi ibì kan bá burú, á wẹ̀ kọjá lọ síbòmíràn. Èyí tí a bá ti fi sínú gíláàsì, a ti gba ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀. Omi tí a bá bù fún un ló máa mí, èyí tí a ò bá bù ni kò ní rí. Ẹni tó bá ti ẹlòmíràn mọ́lé, tirẹ̀ ni oúnjẹ àti omi ẹni náà.

Wọ́n ní: "Goldfish kì í pẹ́ láyé, ì bá kú náà ni." Irọ́ ni o. Tí wọ́n bá tọ́jú goldfish dáadáa, ó lè lo ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀kan wà ní Yorkshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Tish. Ọmọkùnrin kan jẹ ẹ́ ní ẹ̀bùn níbi eré ọjà ní ọdún 1956, ọdún 1999 ló tó kú. Ọdún 43 ni. Bàbá mi ò tíì pé ọdún 43 nígbà tí wọ́n bí mi. Nítorí náà, tí tiwa ò bá ju ọdún kan ó lé, ká má sọ pé àyànmọ́ ni.

Wọ́n ní: "Àwọn tó ń ta ẹja àrọ̀ lọ́jà ńkọ́, tí wọ́n ń da omi bọ́ọ̀lù wọn nù pátápátá, tí ẹja ò kú?" Ìbéèrè gidi nìyí, èmi náà bi í. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé àrọ̀ àti goldfish ò rí bákan náà. Àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan lókè gills rẹ̀ tó fi lè mí afẹ́fẹ́ tààrà, ìdí nìyẹn tó fi lè wà láàyè pẹ́ nínú bọ́ọ̀lù tí omi rẹ̀ kò ju ìka méjì lọ. Goldfish kò ní irú rẹ̀. Ẹ̀wẹ̀, omi kànga tàbí omi bóóhó ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sin àrọ̀ ń lò, kì í sábàá sí klorínì nínú rẹ̀. Ẹja tó wà lọ́jà kò sì ní pẹ́ níbẹ̀, ìkòkò ọbẹ̀ ló ń lọ. Tiwa, a fẹ́ kó pẹ́.

Èyí tó kẹ́yìn ni ti iná. Wọ́n ní iná kì í dúró, ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi á máa kú, nítorí náà ẹja ò lè gbé ilé-ìwé wa. Ẹ gbọ́ èyí. Ní ọdún 1850, onímọ̀ kẹ́mísírì kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Robert Warington, ròyìn ìdánwò kan tó ṣe. Ó fi goldfish méjì, ewé inú omi àti ìgbín omi sínú ohun èlò onígíláàsì kan. Ewé ń fún ẹja ní ọ́síjìn, ìgbín ń jẹ ewé tó bá ti ń rà, ẹ̀gbin ẹja sì ń bọ́ ewé. Oṣù púpọ̀ kọjá, kò pààrọ̀ omi náà, ẹja rẹ̀ sì wà láàyè. Iná mànàmáná ò tíì wọ ilé ẹnikẹ́ni nígbà náà. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ní 1853, ọgbà ẹranko Lọ́ńdọ̀nù ṣí ilé ẹja tí gbogbo ayé lè wá wò. Àwa ní oòrùn ju Lọ́ńdọ̀nù lọ. A ní ojú oró tó ń léfòó lórí omi wa káàkiri, ewé tó mọ nitrate í fà mu dáadáa. Tí a bá fi díẹ̀ sínú àpótí, tí a ò jẹ́ kó bo gbogbo ojú omi, tí ẹja ò sì pọ̀ jù, iná tó lọ fún wákàtí mélòó kan ò ní pa á.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Mo ti fi rúlà wọn àpótí náà, mi ò kàn ń fẹnu sọ. Gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60, fífẹ̀ rẹ̀ 30, omi inú rẹ̀ sì ń ga tó 30. Ìyẹn jẹ́ lítà 54.

Lákọ̀ọ́kọ́, kí a má fọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà mọ́ láéláé. Ìdá kan nínú mẹ́rin omi rẹ̀ ló tó láti pààrọ̀ lọ́sẹ̀, ìyẹn lítà 13 àti ààbọ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì onílítà mẹ́wàá kan àti díẹ̀ sí i ni. Ọmọ JS1 lè gbé e.

Èkejì, kí a ra bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì tí a máa kọ "ẸJA NÌKAN" sí lára. Ọṣẹ kò gbọ́dọ̀ wọ inú wọn, mọ́ọ̀pù kò gbọ́dọ̀ wọ inú wọn. Tí fóòmù ẹ̀rọ bá dí, inú omi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bù jáde láti inú àpótí ni ká ti fún un fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, kì í ṣe lábẹ́ omi ẹ̀rọ. Ti gíláàsì, ká fi fóòmù tuntun tí ọṣẹ ò kàn rí nu ojú kan ṣoṣo lọ́sẹ̀, ká fi ìyókù sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, omi tuntun kò gbọ́dọ̀ ti ẹnu ẹ̀rọ bọ́ sórí ẹja. Kí a pọn ọ́n sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ṣí sílẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ká gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, ká máa pò ó tí a bá ń kọjá. Títí di àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, púpọ̀ nínú klorínì rẹ̀ á ti bá afẹ́fẹ́ lọ, omi náà á sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi ti inú àpótí.

Ẹ̀kẹrin, èyí ló sì ká mi lára jù: kí a má tún ṣiṣẹ́ kankan lórí ẹja ní ọjọ́ Ẹtì. Ilé-ìwé àlọbọ̀ ni wá. Ohun tí a bá ṣe ní ọjọ́ Ẹtì, kò sí ojú tó máa wò ó títí di ọjọ́ Ajé. Ká ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n fọ àpótí yẹn, ẹnìkan á rí wọn ní ìrọ̀lẹ́, ẹnìkan á rí wọn ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá Bàólójì wa á gbọ́. Bóyá Jéjé nìkan là bá gbà là, ṣùgbọ́n a ò bá ti gbìyànjú.

Ẹ̀karùn-ún, kí a pín iṣẹ́ náà ní méjì-méjì: ọmọ SS kan, ọmọ JS kan. Tí SS3 bá jáde, ìmọ̀ ò ní bá wọn jáde. Kí a sì kọ gbogbo rẹ̀ sí ìwé kan, ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara tábìlì, ní èdè tí ọmọ JS1 lè kà.

Ẹ̀kẹfà, kí a ní sùúrù. Ẹ jẹ́ ká gbé àpótí jáde, ká bu omi sí i, ká fi ojú oró sí i. Tí a bá rí ẹni tó ń sin ẹja tí ara rẹ̀ le, ká tọrọ ègé kékeré nínú fóòmù ẹ̀rọ rẹ̀, nítorí bakitéríà ti wà nínú ìyẹn, ká sì máa jẹ́ kó wà lómi títí a ó fi fi í sínú tiwa. Ẹja kan ṣoṣo ni ká kọ́kọ́ fi sí i, ká máa fún un lóúnjẹ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn oṣù kan ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀, tí ara rẹ̀ bá dá ṣáṣá, ká mú èkejì wá. Ká dúró síbẹ̀. Mẹ́ta ti pọ̀ jù fún lítà 54 tẹ́lẹ̀.

Gbogbo èyí ò gba owó púpọ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì, bébà kan, àti pé ká máa rántí. A ti ní àpótí, a ti ní òkúta. A sì ti ní ọmọ kan tó mọ̀ ju gbogbo wa lọ báyìí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá fi ọṣẹ fọ òkúta ẹja. Ìmọ̀ yẹn wọ́n, ẹja mẹ́ta la fi rà á. Tí a bá lé ọmọ náà kúrò ní láàbù pẹ̀lú orúkọ ẹ̀sín, a ti san owó tán, a ò sì gbé ọjà lọ sílé.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi ní SS2 àti SS1, ọ̀dọ̀ wa ni ariwo "Apẹja" ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kó kú sọ́dọ̀ wa. Tí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ JS, ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwa àgbà ni wọ́n ń wò.

Bébà kan wà lábẹ́ àpilẹ̀kọ yìí tí mo fi pín-ìnì mọ́ ògiri. Ẹni tó bá fẹ́ wà nínú àwọn tó máa tọ́jú ẹja ní táàmù tó ń bọ̀, kí ó kọ orúkọ àti kíláàsì rẹ̀ síbẹ̀. Orúkọ tèmi wà lórí ìlà kejì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ nǹkan kan sórí ìlà àkọ́kọ́. Ti ọmọ JS2 yẹn ni, tó bá wù ú.